Ojú-Ìfihàn Adátàn àti Ojú-Ìfihàn Asẹ́ná: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyan Ẹ̀rọ Iṣẹ́ Àwòrán

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe oríṣi ojú-ìfihàn kọ̀ǹpútà méjì. Èkíní ni èyí tí ó ní ìgò ńlá lẹ́yìn, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní CRT. Èkejì ni èyí tí ó rí pẹlẹbẹ, tí a lè gbé kọ́ ara ògiri. Ó pẹ́ tí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ àwòrán, àwọn tí ń ya èèpo ìwé, tí ń to ojú ìwé fún ìtẹ̀wé, tàbí tí ń tún fọ́tò ṣe, ti ń jiyàn lórí èyí tí ó sàn jù nínú méjèèjì. Èrò tiwa ni pé apá kan nínú iyàn náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ rárá, ti orúkọ ni. Orúkọ tí ó bá tẹ̀lé ìrísí ẹ̀rọ yóò ṣi olùyàn lọ́nà. Èyí tí ó bá tẹ̀lé ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà mú ìmọ́lẹ̀ dé ojú wa ni yóò tọ́ ọ sọ́nà.

"Ojú-ìfihàn" ni a ó máa lò fún ohun tí ará ọjà ń pè ní mọ́nítọ̀. A kò lo "ojú kọ̀ǹpútà" nítorí pé ẹ̀rọ kan náà ni ó wà lára tẹlifíṣọ̀n, lára tẹlifóònù alágbèéká, àti lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aláìsàn ní ilé ìwòsàn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìwó Road

Ní ọdún 2006, nígbà tí a ṣì ń kàwé fún oyè ìjìnlẹ̀ ní Ìbàdàn, a gba iṣẹ́ kan láti to ìwé kíkà kékeré fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ní pípé. Ojú-ìfihàn tí a ní ti gbó. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní kí a lọ ra "fúláàtì" ní Ìwó Road, lọ́wọ́ àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. A dé ìsọ̀ kan, a sọ ohun tí a ń wá, ọmọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ sì gbé ọ̀kan kalẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí àgbá.

A ní, "Àbúrò, kì í ṣe èyí ni mo wí. Fúláàtì ni mo ní kí o fún mi."

Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, fúláàtì gan-an nìyí. Ẹ fọwọ́ pa á lójú wò. Ṣé ẹ rí i pé ó yọ?"

A fọwọ́ pa á. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìgò náà ti lò pẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í pé jọ sójú kan mọ́. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ a máa fẹjú mọ́ ìdí lẹ́tà, nígbà mìíràn a kì í rí wọn rárá. Ojú-ìfihàn yìí ni a fi ka ìwé náà kí a tó gbé e lọ fún atẹ̀wé ní Mókọ́lá. Nígbà tí ìwé jáde, "ọkọ̀" ti di "okọ̀" ní ojú ìwé méjì, "ọjọ́" sì ti di "ojó". Ìwé tí a fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní àmì ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní àṣìṣe.

A kò lè sọ pé ọmọkùnrin náà purọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe CRT tí ojú ìgò rẹ̀ tẹ́, tí wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ojú ni òun ń wò. Ẹ̀yìn ni àwa ń wò. Orúkọ kan ni àwa méjèèjì pè, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì wà lọ́kàn wa.

Irú rẹ̀ ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ní Ìbàdàn lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń pe gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ní "pílásímà", bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ṣe pílásímà gan-an ti ṣíwọ́ nídìí rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2014.

Bí àwòrán ṣe ń dé ojú ẹ̀rọ

Kí a tó sọ ohun lórúkọ, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀. CRT jẹ́ ìgò tí a ti fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Karl Ferdinand Braun, ará Jámánì, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí a fi ń wo ìṣípòpadà iná mànàmáná ní ọdún 1897. Ní ọrùn ìgò náà ni irin kan wà tí a ń mú gbóná, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń tú jáde láti ara rẹ̀. Agbára iná tí ó tó nǹkan bí fóòtì 25,000 ni ó ń fà wọ́n síwájú nínú èyí tí ó jẹ́ aláwọ̀. Wáyà bàbà tí a ká yí ọrùn ìgò, tí ó ń ṣiṣẹ́ bí òòfà, ni ó ń darí wọn láti òsì sí ọ̀tún, ìlà dé ìlà, bí ọ̀kọ̀ ahunṣọ ti ń kọjá láàrin òwú. Níbi tí wọ́n bá ti kan ẹfun fọ́sífọ̀ tí a kùn sí inú ojú ìgò, ibẹ̀ ni yóò tàn. Ìrìn yìí ni wọn a máa tún rìn ní ìgbà 60 sí 85, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ojú-ìfihàn pẹlẹbẹ tí a mọ̀ jù, tí a ń pè ní LCD, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán inú rẹ̀ kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Fìtílà wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń tàn ní gbogbo ìgbà. Láàrin awẹ́ gíláàsì méjì ni kírísítálì olómi wà, ohun tí Friedrich Reinitzer, ará Ọ́síríà, kọ́kọ́ kíyè sí ní ọdún 1888. Bí iná díẹ̀ bá kan kírísítálì yìí, yóò yí ipò padà, ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ̀ láti ẹ̀yìn yóò sì kọjá, tàbí kí ó má lè kọjá. Bí a ti ń sẹ́ ògì náà ni: ohun gbogbo ni a dà sórí aṣọ, aṣọ ni ó ń pinnu ohun tí yóò bọ́ sínú ìkòkò. A sì mọ̀ pé kò sí aṣọ tí ó ń sẹ́ ògì tí èérí díẹ̀ kì í bá a kọjá. Ìdí nìyí tí òkùnkùn ojú LCD fi ń rí bí eérú nínú yàrá tí a ti paná: ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń yọ́ kọjá. Ní ti CRT, ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bá kàn, kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún èrò wa ni ojú-ìfihàn tuntun tí a ń pè ní OLED. Ó pẹlẹbẹ ju LCD lọ, síbẹ̀ kò ní fìtílà lẹ́yìn. Ẹyọ-àwòrán kọ̀ọ̀kan ni ó ń tàn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìrísí pín ẹ̀rọ yóò kó OLED àti LCD pọ̀, yóò sì ya CRT sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ àwòrán mọ̀ pé ní ti òkùnkùn, ọmọ ìyá ni OLED àti CRT.

Ìṣẹ̀dá orúkọ

Àwọn tí ó ṣáájú wa ti la ọ̀nà yìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ìgò ni tẹlifíṣọ̀n tí ó wà nílé àwọn ènìyàn. Orúkọ tí Yorùbá fún un kò sọ̀rọ̀ nípa ìgò. Ẹ wò ó pẹ̀lú èkejì rẹ̀:

(1) a + mú + ohùn + mú + àwòrán → amóhùnmáwòrán
(2) a + sọ̀rọ̀ + má + gba + èsì → asọ̀rọ̀mágbèsì

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni ó wà nínú méjèèjì, àfòmọ́ tí ń fi olùṣe hàn. Ìgò ti lọ, pẹlẹbẹ ti dé, amóhùnmáwòrán kò yí padà, nítorí pé iṣẹ́ ni ó dárúkọ. (Ní ti asọ̀rọ̀mágbèsì, àwọn olùgbọ́ tí ń fi tẹlifóònù dá sí ètò orí rédíò ti sọ ọ́ di irọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bínú sí i.) Àwọn orúkọ ọjà bí "oníkùn" àti "onígò", tí a fi oní- ṣẹ̀dá, ohun tí ẹ̀rọ ní ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ẹ̀rọ ní lè bọ́ lára rẹ̀ nígbàkígbà. Nítorí náà a dá a lábàá pé:

(3) a + sẹ́ + iná → asẹ́ná
(4) a + dá + tàn → adátàn

Ojú-ìfihàn asẹ́ná ni LCD, fìtílà ẹ̀yìn rẹ̀ ì báà jẹ́ ti fúlọ̀rẹ́sẹ́ǹtì àtijọ́ tàbí ti LED òde òní. Ojú-ìfihàn adátàn ni CRT, pílásímà àti OLED. Bí a bá fẹ́ tọ́ka sí CRT nìkan, a lè sọ pé "adátàn onígò".

Wọ́n lè takò wá pé "sẹ́" tún jẹ́ kí ènìyàn kọ̀ pé òun kò mọ nǹkan, àti pé asẹ́ná lè dún bí ẹni tí ó ń sẹ́ iná. A gbà. Ṣùgbọ́n asẹ́ ti wà nínú ilé ìdáná ṣáájú wa, kò sì sí ọmọ tí ó gbọ́ ọ tí ó rò pé ohun èlò náà ń ṣẹ́rí. Ní ti adátàn, ẹni tí ó bá gbọ́ "ìtàn" nínú rẹ̀ yóò rántí pé a kì í dá ìtàn, pípa ni a ń pa á. A gbèrò "aládàátàn" pẹ̀lú, ní ìbámu pẹ̀lú "aládàáni", ṣùgbọ́n ó gùn, ọ̀rọ̀ tí ó bá gùn kì í dé Ìwó Road.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń yọ olùkọ́ lẹ́nu ju ìwọ̀nyí lọ ni "dúdú". Nínú èdè wa, dúdú a máa gba ewé tútù àti aró mọ́ra. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé "dúdú ojú-ìfihàn yìí kò jinlẹ̀" lè má yé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ronú nípa àwọ̀ aṣọ. Àìsí ìmọ́lẹ̀ ni a ń sọ, nítorí náà "ìjìnlẹ̀ òkùnkùn" ni a fara mọ́. Kí a fi dúdú sílẹ̀ fún yíǹkì.

Yíyàn

Pẹ̀lú àwọn orúkọ wọ̀nyí, ìbéèrè olùyàn yóò yí padà. Kò ní béèrè pé "Ṣé ó pẹlẹbẹ?" mọ́, yóò béèrè pé kí ni iṣẹ́ òun ń fẹ́ lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀.

Ẹni tí ń to ìwé Yorùbá, asẹ́ná ni kí ó lò. Ẹyọ-àwòrán inú rẹ̀ ní ààyè tirẹ̀ tí kì í yẹ̀, nítorí náà àmì abẹ́ ọ yóò dá dúró kedere. Ṣùgbọ́n kí ó rí i pé iye ẹyọ-àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń rán bá iye tí a dá mọ́ ojú-ìfihàn náà mu. Bí kò bá bá a mu, lẹ́tà yóò rú. Adátàn onígò kò ní wàhálà yìí, ó lè gba oríṣiríṣi iye, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kì í mú tó bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ó bá ti gbó.

Ní ti àwọ̀, ó ní ìgbà tí adátàn onígò kò lẹ́gbẹ́. Oríṣi asẹ́ná tí ó kọ́kọ́ pọ̀ lọ́jà, èyí tí a ń pè ní TN, a máa yí àwọ̀ padà bí a bá gbé orí sókè tàbí sísàlẹ̀; oníbàárà tí ó dúró lẹ́yìn ayàwòrán kì í rí àwọ̀ tí ayàwòrán ń rí. Oríṣi IPS, tí Hitachi gbé jáde ní ọdún 1996, ni ó tún èyí ṣe, IPS sì ni kí ayàwòrán tí owó rẹ̀ kò tó OLED béèrè. Síbẹ̀ kí ó má retí pé àwọ̀ ojú ẹ̀rọ yóò bá ti bébà mu wẹ́kú. Ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ni ojú-ìfihàn ń pò. Yíǹkì ni atẹ̀wé ń pò. Kí ó tẹ ẹyọ kan wò kí ó tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

Iná pẹ̀lú kò ṣe é fojú fò dá ní ìlú tí a ti ń fi ẹ̀rọ amúnáwá ṣiṣẹ́. Adátàn onígò oní-ínṣì 17 a máa jẹ tó wáàtì 70 sí 100. Asẹ́ná tí ó tóbi bákan náà kì í sábà ju 40 lọ.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ yìí han kíláàsì, kí ó má ṣe ṣí ẹ̀yìn adátàn onígò, kí ó má sì fọ́ ọ. Òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, iná tí ó lè pa ènìyàn sì lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Kí ó kán omi kín-ín-kín sójú tẹlifóònù tí ń fi àwòrán funfun hàn. Àwọn ọmọ yóò rí pupa, ewé àti aró lábẹ́ ẹ̀kán omi náà. Lẹ́yìn èyí kí ó ti fèrèsé, kí ó fi àwòrán tí kò ní ìmọ́lẹ̀ rárá sójú-ìfihàn, kí ó sì bi wọ́n léèrè bóyá adátàn ni wọ́n ń wò tàbí asẹ́ná.