Gbèsè, Ẹ̀wọ̀n àti Àṣírí Ìjọba ní Amẹ́ríkà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí yóò máa rí ìwé àṣírí ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ, àwọn olùwádìí a sì yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò fínnífínní. Ìlànà tí wọ́n ń lò láti ọdún 2017 ní orí 13: gbèsè jẹ́ ọ̀kan, ìwà ọ̀daràn sì jẹ́ òmíràn.

Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra tálákà. Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn ni ọ̀tá lè fi owó rà. Gbèsè ni Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ CIA, wà nínú rẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí ta àṣírí fún ìjọba Sófíẹ̀tì ní ọdún 1985. Owó tí ó gbà ju 2,000,000 dọ́là lọ. Kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní 1994, wọ́n ti pa púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi hàn.

Síbẹ̀, gbèsè tí àìsàn tàbí àìríṣẹ́ fà, tí onígbèsè sì ń san díẹ̀díẹ̀, kò dọ́gba lójú wọn pẹ̀lú gbèsè tẹ́tẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ tí ènìyàn ti jáwọ́ nínú rẹ̀ náà ṣeé gbójú fò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa á mọ́ nínú ìwé tí a fún un kọ ti fi irọ́ kún un, irọ́ náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ̀ fún un, wọn a kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà sì ní ẹ̀tọ́ láti fèsì.