Kí Ló Ń Ru Wárápá Sókè?

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí n kọ ẹ̀kọ́ ti táàmù yìí, wọ́n ní kí n mú ohun tí mo mọ̀ dáadáa. Ohun tí mo mọ̀ jù lọ ni mi ò tíì fẹnu ara mi sọ fún ọ̀pọ̀ yín. Mo ní wárápá. Àwọn tó wà ní ilé oúnjẹ lọ́jọ́ tí mo ṣubú ní táàmù kejì SS1 ti mọ̀. Àwọn yòókù gbọ́ ọ ní àgbọ́sọ. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu. Àwọn míì sá, wọ́n ní tí ìfófòó ẹnu mi bá kàn wọ́n, ó máa ràn wọ́n. Ọmọ tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ mi ká mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó lọ sí ìkangun dọ́mítìrì. Bàbá mi ní àfi kí n máa bọ̀ nílé. Màmá mi ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọdún kan sí i. Dókítà wá ní kí n ra ìwé kékeré kan. Ìgbàkígbà tó bá gbé mi, kí n kọ ohun tí mo jẹ, wákàtí tí mo sùn, oògùn tí mo lò, àti bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ tó ṣáájú. Inú ìwé yẹn ni ẹ̀kọ́ yìí ti wá.

KÍ NI WÁRÁPÁ?

Iná kékeré kékeré bí iná mànàmáná ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìlétò, ara á le, á máa gbọ̀n, ẹni náà lè ṣubú, kó má mọ nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ o. Ẹlòmíì á kàn ranjú sí ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tíṣà á sì rò pé kò fọkàn sí iṣẹ́ ni.

Wárápá kì í ràn. Kì í ṣe èpè. Àwọn ọ̀rẹ́ wa Hausa ń pè é ní farfaɗiya, àwọn náà sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bíi tiwa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn ló ní in láyé, àti pé tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, ó lè tó 70 nínú 100 wọn tí kò ní máa gbé mọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wádìí rẹ̀ láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n rí i lára nǹkan bí èèyàn 5 nínú 1,000. Torí náà, kì í ṣe èmi nìkan.

OHUN TÓ FÀ Á ÀTI OHUN TÓ RU Ú SÓKÈ

Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ẹ wo koríko ìgbà ọyẹ́ lẹ́yìn ọgbà wa. Gbígbẹ tó gbẹ ni kò jẹ́ kó ṣòro fún un láti jó, àmọ́ ẹni tó ṣáná sí i ló jẹ́ kó jó lónìí. Ohun tó ń fa wárápá ni ọgbẹ́ orí, ìṣòro nígbà ìbí, àrùn tó wọ ọpọlọ, tàbí ohun àbínibí. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn dókítà kì í rí ìdí rẹ̀. Ohun tó ń ru ú sókè ni ìṣáná. A lè má rí koríko náà mú kúrò, ṣùgbọ́n a lè ṣọ́ ìṣáná.

ÀWỌN ÌṢÁNÁ INÚ ÌWÉ MI

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbé mi lẹ́yìn tí mo ra ìwé náà.

Àkọ́kọ́, oṣù karùn-ún. Oògùn mi tán, ojú sì ń tì mí láti sọ fún Màmá Nọ́ọ̀sì níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọjọ́ méjì ni mi ò lò ó. Ó gbé mi ní ọjọ́ kẹta. Àìlo oògùn déédéé ni olórí gbogbo ìṣáná. Kódà ẹni tí kò tíì gbé fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ láìsọ fún dókítà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ṣẹ sí mi lára.

Ìkejì, ọ̀sẹ̀ ìdánwò ní oṣù keje. Mo jẹ obì, mo kàwé di aago méjì òru ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Mo pẹ́ jí, mo sáré lọ sí kíláàsì, mo gbàgbé oògùn àárọ̀. Àìsùn àti ìdààmú ọkàn máa ń ru wárápá sókè gan-an.

Ìkẹta, ibà. Ara mi gbóná, mi ò lè jẹun, mo sì bi oògùn tí mo lò jáde. Ooru ibà ń ru ú sókè, ebi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má sì ra oògùn lọ́wọ́ akiri. Irú oògùn ìrora bíi tramadol lè mú kó gbé èèyàn.

Ìkẹrin, oṣù kẹwàá, àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ṣe ijó alẹ́. Gbogbo dọ́mítìrì ní iná aláwọ̀ mèremère tó ń ṣẹ́jú ni. Lóòótọ́, irú iná bẹ́ẹ̀ ń ru ú sókè lára àwọn kan, àmọ́ nǹkan bí ẹni 3 péré ni nínú 100 tó ní wárápá. Dókítà ti yẹ̀ mí wò, mi ò sí nínú wọn. Mo ṣí ìwé mi: mi ò lo oògùn alẹ́, aago kan òru ni mo sùn.

Ẹ wò ó: oògùn wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣáná kì í sábà dá wá, wọ́n máa ń rìn pọ̀ ni. Ti ẹlòmíì lè yàtọ̀ sí tèmi o. Ọtí ń ṣe é fún àwọn kan, nǹkan oṣù sì ń ṣe é fún àwọn obìnrin kan. Ìgbà míì sì wà tí kò ní sí ìṣáná kankan tí èèyàn máa rí. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ní láti kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

TÓ BÁ GBÉ ẸNÌ KAN LÓJÚ YÍN

Ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má dì í mú. Tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tún gbé e kó tó jí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fún un ní omi tàbí àgbo títí yóò fi jí dáadáa. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn kan ń fún ọmọ tó ní gìrì léwu, ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọmọ á kú. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni síná.

Láti oṣù kẹwàá, kò tíì gbé mi mọ́. Mi ò ní ó ti tán. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ni mo ń sùn báyìí, mo sì ń lo oògùn mi ní gbangba lẹ́yìn prẹ́ẹ̀pù. Ọdún tí Bàbá mi fún mi máa pé ní òpin táàmù yìí. Ìwé kékeré yẹn ni mo máa gbé síwájú wọn. Ẹni tó ká mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ kò tíì padà. Mi ò bínú sí i, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA TÓ Ń BỌ̀

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ń fa wárápá àti ohun tó ń ru ú sókè?
2. Dárúkọ ìṣáná mẹ́rin tó lè wà nínú ọgbà ilé-ìwé wa.
3. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a ki ṣíbí bọ ẹnu ẹni tí wárápá gbé?
4. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí ẹni tó ní oògùn má bàa fi lílò rẹ̀ pa mọ́?