Ìkọlù Tí Ojú Kò Bá

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí àwòrán kan tí àwọ̀ pupa àti búlúù wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ní agbo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjì ló kọlu ara wọn lójú ọ̀run. Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn kùn ún lọ́dà ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbé ohun tí ẹ rí mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ènìyàn ló fi àwọ̀ méjèèjì sí i, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi àwọ̀ náà tọ́ka sí wà níbẹ̀ gbọn-in. Bullet Cluster ni wọ́n ń pè é, ó sì jìnnà sí wa débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rìn fún ohun tó ju bílíọ̀nù 3 ọdún lọ kí ó tó kàn wá lójú.

Nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, gáàsì kan wà láàárín àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, tó fẹ́lẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, síbẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ ju ti gbogbo ìràwọ̀ ibẹ̀ lápapọ̀ lọ, tí ooru rẹ̀ sì lè ju mílíọ̀nù 100 digirí lọ, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé X-ray ló ń tàn, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ eegun wò nílé ìwòsàn. Nítorí pé òfuurufú wa kì í jẹ́ kí X-ray ojú ọ̀run balẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé awò Chandra kọjá rẹ̀ lọ́dún 1999. Dígí inú awò yìí kì í kọjú gbọnran sí ìtànṣán, nítorí inú rẹ̀ ni ìtànṣán yóò rì sí. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbà á, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ ti ń ta lójú odò láìrì.

Òun ni Maxim Markevitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí ohun tí wọ́n kọ̀wé lé lórí lọ́dún 2002: gáàsì agbo kékeré ṣù, orí rẹ̀ rí bí ọta ìbọn, ìgbì sì wà níwájú rẹ̀ bí èyí tó ń wà níwájú ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré. Bí ọdẹ ti ń fi ipasẹ̀ mọ ìrìn ẹran, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ìgbì náà mọ ìkọlù tí ẹnikẹ́ni kò bá níbẹ̀.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà, tí wọ́n gba àárín ara wọn kọjá. Gáàsì ni kò ríbi yà sí, tó sì há sẹ́yìn, bí eruku tí èrò egúngún méjì tú nígbà tí wọ́n pàdé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gáàsì yìí ni wọ́n kùn ní pupa. Ibi tó wà ló yẹ kí ìwúwo pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Douglas Clowe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí ìwúwo agbo náà ti ń tẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn ìṣùpọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 2006, iwájú, lọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀, ni wọ́n bá a. Ibẹ̀ ni wọ́n kùn ní búlúù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ohun kan wà tó wúwo, tí kì í tàn, tí kì í sì í forí gbárí, èyí tí Fritz Zwicky ti fura sí láti ọdún 1933. Ọwọ́ kò tíì tẹ̀ ẹ́ títí di òní.

Bí ẹ bá tún rí àwòrán náà, àlàfo tó wà láàárín pupa àti búlúù ni kí ẹ wò; ẹ̀rí náà nìyẹn.