Àyè Inú àti Awọ Ara: Ìbéèrè Agolo Méjì



Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ilé kéwú wa ní Múṣin, kí ìrun Alásárì tó tó, mò ń kọ́ àwọn tó ń múra ìdánwò WAEC ní ìṣirò. Mo bi wọ́n pé: "Bí ẹ bá mú páànù méjì tó dọ́gba, tí ẹ fi ọ̀kan ká agolo gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ fi ìkejì ká agolo kúkúrú tó fẹ̀, èwo ni yóò gba gààrí jù?" Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ùsítáàsì, ọgbọọgba ni wọ́n máa gbà." Ọmọbìnrin SS2 kan tó mọ πr²h sórí bí ẹní mọ Fátíhà náà wà lára wọn. Ó ní, "Ṣebí páànù kan náà ni wọ́n fi ṣe é?"

Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Ó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn lọ́jà. Ìdí nìyí tí mo fi fi ẹ̀kọ́ tòní jì í.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohun tí ìwé yín ń pè ní volume ni àyè inú nǹkan: ìwọ̀n omi tàbí gààrí tó lè kún inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní surface area ni awọ ara rẹ̀: ìwọ̀n bébà tàbí ọ̀dà tó lè bò ó káàkiri. A ń fi cm³ wọn ti àkọ́kọ́, a ń fi cm² wọn èkejì. Awọ ni ojú wa ń rí, kì í rí àyè inú, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. (Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìṣirò kò ṣeé fi Yorùbá kọ́, ẹ rán an létí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Mùsùlùmí ọmọ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tìṣirò-tìṣirò.)

Mo ní kí wọ́n mú bébà A4 méjì wá, irú èyí tí àwọn onífọ́tòkọ́pì ń lò. Ó gùn ní 29.7 cm, ó sì fẹ̀ ní 21 cm. A ká ọ̀kan kí ó dúró gíga, a ká ìkejì kí ó dúró kúkúrú, a fi sẹ́lótéèpù lẹ etí wọn mọ́ra láìjẹ́ kí wọ́n gun orí ara wọn. Awọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 29.7 × 21, ìyẹn 623.7 cm². Títí dé ibí, òótọ́ ni ọmọ wa sọ: bébà kan náà ni.

A gbé èyí tó kúkúrú sórí tíréè, a gbé èyí tó ga dúró sínú rẹ̀, a sì da ìrẹsì sínú èyí tó ga títí ó fi kún dé ẹnu. A wá rọra fa èyí tó ga yọ sókè. Ìrẹsì wó lulẹ̀ sínú èyí tó kúkúrú, kò sì kún un. Nínú 21 cm tí ó ga, nǹkan bí 15 cm péré ni ìrẹsì dé. Ṣe ni kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ní kí a tún un ṣe, bóyá ìrẹsì ti dà nù. A tún un ṣe, ibi tó dé tẹ́lẹ̀ náà ló dé.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Agolo kúkúrú ní àyíká 29.7 cm, nítorí náà radius rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4.73 cm, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1,474 cm³. Agolo gíga ní àyíká 21 cm, radius rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3.34 cm lọ, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1,042 cm³. Kí ló fà á? Nínú πr²h, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń fi r sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lo h. Ohun tí agolo bá jèrè ní fífẹ̀ ju ohun tó pàdánù ní gíga lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí orí bébà. Mo ra ìrẹsì nígbà kan ní ọjà kan, mo dé ilé, mo fi kóńgò tiwa tún un wọ̀n, kò pé. Kóńgò oníṣòwò náà ga bí tiwa, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí tiwa. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti fi òòlù lù wọnú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kóńgò kan fẹ̀ ní 14 cm lẹ́nu, ó sì ga ní 10 cm. Bí a bá lo 22/7, àyè inú rẹ̀ jẹ́ 22/7 × 7 × 7 × 10, ìyẹn 1,540 cm³. Bí wọ́n bá gbé gbogbo ìdí rẹ̀ sókè ní 1 cm péré, ó ku 1,386 cm³. 154 cm³ ti lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ra kóńgò mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló gbé lọ sílé. Bí wọ́n bá lù ú kí àárín rẹ̀ yọ sókè bí ẹ̀yìn ṣíbí ni, ohun tó lọ yóò tó ìdajì ìyẹn, nǹkan bí 78 cm³. Bí ẹ bá sì yí kóńgò náà po lójú títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ da omi sí i. Igo omi 75cl méjì jẹ́ 1,500 cm³; ẹ ó rí bí ó bá gbà á tàbí kò gbà á. Súrà odindi kan wà nínú Alùkùránì, Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin, tó gba orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, nítorí náà mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sáà tí a fi ń yọ Sákà jáákà lópin Ramadan náà wọ inú ẹ̀kọ́ yìí. Mùdù mẹ́rin ni sáà kan, mùdù kan sì ni ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi jù tí kò sì kéré jù. Òṣùwọ̀n àyè inú ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n orí ìwọ̀n kílò. Sáà kan ìrẹsì àti sáà kan gààrí gba àyè kan náà, ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n, wọn kò wúwo bákan náà. Ó wà lára ìdí tí iye kílò tí àwọn àáfà ń dárúkọ fi ń yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ kí a yí i padà nísinsìnyí: kí àyè inú dúró, kí awọ ara máa pọ̀ sí i. Ẹ gé iṣu ní kúbù kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 cm. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 64 cm³, awọ ara rẹ̀ jẹ́ 6 × 16, ìyẹn 96 cm². Ẹ gé e sí mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2 cm. Iṣu kò dín, kò lé, 64 cm³ náà ni, ṣùgbọ́n awọ ti di 8 × 24, ìyẹn 192 cm². Ẹ tún gé e sí 1 cm, awọ á di 384 cm². Àwọn ìyá wa tó ń din dùńdú mọ èyí láìlo bírò: wẹ́wẹ́ ń tètè jinná, wẹ́wẹ́ ló sì ń mu òróró. Bákan náà ni omi dídì tí ẹ ń rà fún ìṣínu. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kíá ló ti yọ́.

Ó ku kóònù, tí ọ̀pọ̀ ń sá fún. Ẹ rántí bí ẹlẹ́pà ṣe ń ká bébà. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ya òbírí tí radius rẹ̀ jẹ́ 14 cm sórí káàdì, ẹ gé e sí méjì, ẹ ká ìdajì kan. Kóònù tí ẹ rí ní radius 7 cm lẹ́nu, ó sì ga ní nǹkan bí 12.1 cm. Awọ rẹ̀ ni ìdajì òbírí náà, 308 cm², ohun kan náà tí πrl yóò sì fún yín nìyẹn: 22/7 × 7 × 14. Ẹ ká káàdì mìíràn ní agolo tí ẹnu àti gíga rẹ̀ bá ti kóònù dọ́gba, kí ẹ sì máa fi kóònù bu gààrí sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò kún. Ibẹ̀ ni 1/3 tó wà níwájú πr²h ti wá.

Bí ẹ bá mọ kóònù, ẹ ti mọ búkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé búkẹ́ẹ̀tì ni kóònù ńlá tí wọ́n gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrò. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ti òní. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, ẹni tí ìwé rẹ̀ fún algebra ní orúkọ, fi abala kan nínú ìwé náà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ní Bàgídáàdì ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. Ó mú òpó kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 4 sí 4, tí orí rẹ̀ jẹ́ 2 sí 2, tó ga ní 10. Ó gbé e ga títí ó fi di ṣóńṣó ní 20, ó wọn odindi, ó yọ kékeré tí kò sí níbẹ̀ kúrò, ó sì kù 93 àti ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún búkẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ̀ ní 28 cm lẹ́nu, 14 cm nídìí, tó sì ga ní 24 cm. Odindi kóònù rẹ̀ yóò ga ní 48 cm, àyè inú rẹ̀ jẹ́ 9,856 cm³. Kékeré tí a gé kúrò jẹ́ 1,232 cm³. Ó ku 8,624 cm³, ìyẹn lítà mẹ́jọ àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀.

Awọ ara rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó dagun jẹ́ 25 cm láti ẹnu dé ìdí, 50 cm bí ẹ bá fà á dé ṣóńṣó. Bí ẹ bá rí 1,804 cm², ẹ ti gbà á. Bí ẹ bá rí 2,420 cm², ẹ ti fi ìdérí bo búkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí. Ẹ padà lọ ka ìbéèrè náà.