Ìwọ̀n Ìfarapa Nílé Ìwòsàn

Ẹni tí ó bá dé ibi tí a ti ń gba àwọn tí jàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nílé ìwòsàn yóò rò pé ẹni tí igbe rẹ̀ pọ̀ jù ni ó farapa jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ké ń mí. Ẹni tí ó dákẹ́ ni ó yẹ kí á tètè bẹ̀ wò.

Ohun tí ń gbé ènìyàn débẹ̀ ní ilẹ̀ wa kò ṣòro láti kà: ọkọ̀ àti alùpùpù, ìṣubú láti orí ọ̀pẹ, iná, omi gbígbóná, àdá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ènìyàn kò sọ bí ìpalára náà ti pọ̀ tó. Ọmọ méjì lè já láti orí igi máńgòrò kan náà, kí ọ̀kan padà sí kíláàsì, kí èkejì má là á já.

Nítorí èyí ni àwọn oníṣègùn fi wá òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, ní ìlú Glasgow, gbé èyí tí a ń lò fún ẹni tí ó fi orí gbá jáde. Bí a ti ń lò ó lónìí, ohun mẹ́ta ni a ń wò: bí ojú ti ń ṣí, máàkì 4, bí ẹnu ti ń fèsì, máàkì 5, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń mira, máàkì 6. Ẹni tí ó gba 13 sí 15, ìpalára rẹ̀ fúyẹ́. 9 sí 12, ó wà ní àárín. 8 tàbí kí ó dín, ó burú gidigidi. Ìdánwò kan nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í gba òdo nínú rẹ̀: òkú pàápàá yóò gba 3.

Ọ̀tọ̀ ni ti iná. Níbi tí iná ti jó wọlé jinlẹ̀jinlẹ̀, ó lè má dun ènìyàn rárá, nítorí pé ohun tí ń jẹ́ kí awọ mọ ìrora ti jóná pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, àwa tí a ó wà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ní abúlé tí kò ní dókítà. Olùkọ́ kò lè rí inú agbárí ọmọ tí ó ṣubú, ṣùgbọ́n ó lè bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí a wà, kí ó sì máa tún un bi. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ń burú sí i, bí ó bá ń bì léraléra, tàbí bí oorun tí kò ṣeé jí bá ń gbé e lọ, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí ọmọ tí ó ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí ó ṣubú. Kí á kọ wákàtí tí ó ṣubú àti bí ó ti ń dáhùn sínú ìwé, kí ẹni tí ó gbé e lọ mú un lọ́wọ́ fún dókítà.