Ẹ̀kọ́ Lórí Ìgbì Òòfà tí Ó Mi Gbogbo Ayé

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìlù kan dún láti ojú ọ̀run ní ọdún 2015. Nígbà tí a kéde rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn jó sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ ohun tí ìlù náà ń wí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò bi wá léèrè, kò sì yẹ kí ìbéèrè wọn bá wa lójijì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

BÍ ÌRÒYÌN NÁÀ TI TÀN KÁLẸ̀

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2016, David Reitze, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí à ń pè ní LIGO, dìde ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ti rí ìgbì òòfà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù káàkiri ayé. Wọ́n yí àmì tí ẹ̀rọ náà gbà padà sí ohùn, kí etí ènìyàn lè gbọ́ ọ. Ohùn náà kò ju ìṣẹ́jú kan péré lójú lọ. Ó dún bí ìgbà tí ẹyẹ kékeré bá ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ọ ní àgbọ́tún-gbọ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀, àkọ́kọ́ pàápàá sì kan agbègbè tiwa. Erékùṣù Príncipe wà nínú òkun wa níhìn-ín, ní ìhà gúúsù Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, Arthur Eddington láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀, ó sì ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí ó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bákan náà ní ìlú Sobral ní Brazil. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá oòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, gẹ́gẹ́ bí Albert Einstein ti wí. Nígbà tí a kéde ní London ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún náà pé bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ Einstein di ohun tí a ń pè ní gbogbo ayé. Inú ẹ̀kọ́ kan náà ni ọ̀rọ̀ ìgbì òòfà ti jáde. Einstein kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1916. Ó gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ.

KÍ NI ÌGBÌ ÒÒFÀ?

Gbogbo wa mọ òòfà ilẹ̀, agbára tí ń mú kí máńgòrò já bọ́ sí ilẹ̀ dípò kí ó fò lọ sókè. Einstein kọ́ wa pé ohun tí ó bá wúwo a máa tẹ òfuurufú tí ó yí i ká, a sì máa tẹ àkókò pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ohun mìíràn fi ń yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tí olùkọ́ nílò láti fi èyí hàn. Kí ó pe ọmọ mẹ́rin síwájú, kí wọ́n di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ ìbora mú, kí wọ́n fà á le. Kí ó gbé òkúta sí àárín rẹ̀; aṣọ náà yóò jìn wọlé. Bí ó bá yí ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí etí aṣọ, yóò yí lọ sí ọ̀dọ̀ òkúta. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọwọ́ mi òkúta náà sókè sódò kíákíá. Àwọn ọmọ tí ó di etí aṣọ mú yóò mọ ọ́n lọ́wọ́ pé nǹkan kan ti àárín wá bá wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni, bí ohun méjì tí ó wúwo gidigidi bá ń yí ara wọn po ní ojú ọ̀run, òfuurufú fúnra rẹ̀ yóò máa nà, yóò sì máa sún kì. Ìnà àti ìsúnkì yìí, tí ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ ti ń sáré, ni à ń pè ní ìgbì òòfà.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe gbàgbé láti sọ fún àwọn ọmọ pé àpèjúwe lásán ni aṣọ yìí. Òfuurufú kì í ṣe aṣọ, ìgbì òòfà kì í sì í ṣe ìró tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Ọmọ tí ó bá ti ilé-ìwé jáde pẹ̀lú èrò pé aṣọ kan ni ó gbé ayé dúró, a ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò ní láti gbàgbé.

Kí ni ó wúwo tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ìràwọ̀ ńlá kan wà tí ó jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n bá kú, wọn a wó sínú ara wọn títí òòfà wọn yóò fi le tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè sá jáde mọ́. Ihò dúdú ni à ń pè wọ́n. Méjì nínú wọn ni ó kọlu ara wọn. Ọ̀kan wúwo tó oòrùn 36, èkejì tó oòrùn 29. Kí olùkọ́ kọ iye méjèèjì sójú pátákó kí ó sì ní kí àwọn ọmọ rò wọ́n pọ̀. Wọn yóò ní 65. Ṣùgbọ́n ihò dúdú kan ṣoṣo tí ó kù kò wúwo ju oòrùn 62 lọ. Níbo ni oòrùn mẹ́ta lọ? Ó di ìgbì, ó sì tàn ká gbogbo àgbáyé. Ọ̀nà tí ìgbì náà rìn jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi gba nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún kan àti mílíọ̀nù 300 láti rìn ín. Nígbà tí ó gbéra, kò tí ì sí ẹranko kankan lórí ilẹ̀ ayé.

BÍ A TI GBỌ́ Ọ

LIGO ní ilé méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Hanford ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, èkejì ní Livingston ní ìhà gúúsù. Ìjìnnà àárín wọn tó kìlómítà 3,000, bí ìlọ́po méjìlá ọ̀nà Kumasi sí Accra. Ilé kọ̀ọ̀kan ní apá méjì tí ó gùn ní kìlómítà 4, tí wọ́n pàdé bí igun ìwé. A ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà, a ń pín in sí méjì, a sì ń rán ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ìpẹ̀kun apá kan. Dígí ni ó wà níbẹ̀ láti dá a padà. Bí apá méjèèjì bá gùn bákan náà, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́ nígbà tí wọ́n bá pàdé. Bí ìgbì òòfà bá kọjá tí ó na apá kan, tí ó sì sún èkejì kì, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò yọ jáde. Ohun tí ó nà náà kéré ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú púrótọ́ọ̀nù kan lọ, púrótọ́ọ̀nù sì rèé, inú átọ́ọ̀mù ni ó fi ṣe ilé.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ní agogo 9 kọjá ìṣẹ́jú 50 ní òwúrọ̀ ní aago Gánà àti Tógò, tí í ṣe agogo 10 kọjá ìṣẹ́jú 50 ní Nàìjíríà àti Benin, ìgbì náà dé. Livingston ni ó kọ́kọ́ gbọ́; Hanford gbọ́ lẹ́yìn bí ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìgbì kan náà la Kumasi kọjá, ó la ọjà Kejetia kọjá, ó la ara olúkúlùkù wa kọjá, a kò sì mọ̀.

Èé ṣe tí a fi kọ́ ilé méjì? Nítorí pé ọkọ̀ ẹrù tí ó kọjá, tàbí ìjì, lè mi ilé kan. Kò lè mi méjèèjì lọ́nà kan náà. Bí ìyá kan bá ti ọjà dé tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀, a ó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá mìíràn tí kò rí i sójú bá ti ẹnu ibodè kejì wọlé tí ó sọ ohun kan náà, nígbà náà ni a ó gbà.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI PA ẸNU MỌ́ FÚN OṢÙ MÁRÙN-ÚN

Ẹ ṣe àkíyèsí pé oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gbọ́, oṣù kejì ọdún kejì ni wọ́n tó kéde. Ìdí wà fún un. Ní ọdún 1969, Joseph Weber ní Amẹ́ríkà ti kéde pé òun gbọ́ ìgbì yìí. Àwọn mìíràn ṣe irú ẹ̀rọ rẹ̀, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ẹgbẹ́ mìíràn tí ń wo ojú ọ̀run láti ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù ní àwọn rí ipa ìgbì òòfà àtìbẹ̀rẹ̀ ayé; kí ọdún kan tó pé, ó hàn pé eruku ojú ọ̀run ni ó tàn wọ́n.

LIGO fúnra rẹ̀ a máa dán àwọn ènìyàn rẹ̀ wò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àwọn díẹ̀ nínú wọn fi àmì èké sínú ẹ̀rọ ní bòńkẹ́lẹ́. Àwọn tí ó kù ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oṣù kẹta ọdún 2011 ni a tó já àpò ìwé tí a fi pa mọ́, tí a sì sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Nítorí náà, nígbà tí àmì òtítọ́ dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, ṣé kì í ṣe ìdánwò ni?

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà níhìn-ín ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan náà, 2010. Ìròyìn kan tàn láti fóònù dé fóònù lóru pé ilẹ̀ yóò mì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jí àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì jáde sí ìta láti sun inú òtútù. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, irọ́ ni. Ìròyìn òtítọ́ gba oṣù márùn-ún kí a tó sọ ọ́, irọ́ kò gba òru kan. Ìròyìn méjèèjì ni a fi orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde, etí kan náà ni ó sì gbọ́ wọn. Kí ni yóò ran ẹni tí kò kàwé púpọ̀ lọ́wọ́ láti mọ ìyàtọ̀? Èmi gbà pé ìbéèrè mẹ́ta péré tó: Ta ni ó rí i? Ta tún ni ó rí i lọ́tọ̀? Báwo ni wọ́n ti dán an wò kí wọ́n tó sọ ọ́? Bí ọmọ bá mọ ìbéèrè wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ gbàgbé orúkọ Einstein, a kò pàdánù.

WÚRÀ ÀTI ÀWỌN ÌRÀWỌ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìgbì mìíràn dé. Ìràwọ̀ kékeré méjì tí ó wúwo púpọ̀, tí à ń pè ní ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù, ni ó kọlu ara wọn. LIGO gbọ́ ọ pẹ̀lú Virgo tí ó wà ní Ítálì. Lẹ́yìn náà, àwọn awò-awọ̀nàjíjìn káàkiri ayé rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni a ti rí àmì pé ìkọlù bẹ́ẹ̀ ń dá àwọn ohun tí ó wúwo bíi wúrà sílẹ̀. Ó kéré tán, apá kan nínú wúrà ayé ti irú ibẹ̀ wá, kí ilẹ̀ ayé yìí tó wà.

Ìlú wúrà ni a wà. Àwọn Asante gbà láti ìgbà Osei Tutu pé ojú ọ̀run ni Sika Dwa Kofi, Àga Wúrà wọn, ti sọ̀kalẹ̀ nípasẹ̀ Okomfo Anokye. Èmi kò sọ pé ìràwọ̀ ni ó jẹ́rìí sí ìtàn náà, tàbí pé ìtàn náà ni ó jẹ́rìí sí ìràwọ̀. Ẹ̀mí orílẹ̀-èdè ni Àga náà dúró fún, a kì í sì í fi òṣùwọ̀n wọn ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ Kumasi lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti orí wúrà, nítorí ohun tí ọmọ mọ̀ nílé ni ó yẹ kí a fi mú un lọ sí ibi tí kò mọ̀.

KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Nígbà tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì ìdánrawò mi, ọmọbìnrin kan nawọ́ ó sì wí pé, “Tíṣà, ṣé àwa náà lè gbọ́ ọ, tàbí àwọn òyìnbó nìkan?” Ìbéèrè yìí wúwo ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Òtítọ́ ni pé Amẹ́ríkà, Ítálì àti Japan ní ilé ńlá tí a fi ń gbọ́ ìgbì yìí, kò sì sí ọ̀kan ní Áfíríkà. A kò gbọ́dọ̀ fi èyí pa mọ́ fún àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni òtítọ́. Ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra, àwo ńlá kan wà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 32, tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù gba ojú ọ̀run tẹ́lẹ̀. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun gba iṣẹ́ rẹ̀, ó di aláìníṣẹ́. Àwọn ará Gánà àti àwọn ará South Africa jọ tún un ṣe kí ó lè máa gbọ́ ìró rédíò àwọn ìràwọ̀. Ààrẹ Nana Akufo-Addo ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ìgbì ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù dé. Kì í gbọ́ ìgbì òòfà, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ àwọn ìràwọ̀ tí ń lù kì-kì-kì bí aago, ara irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a rí ní ọdún 1974 ni a sì ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rí pé ìgbì òòfà wà. Bákan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Francis Allotey, ọmọ Saltpond tí ó kú ní ọdún 2017, kọ́ni fún ọdún púpọ̀ ní Yunifásítì Kwame Nkrumah ní Kumasi yìí, ìṣirò rẹ̀ lórí ìtànṣán X sì mú orúkọ rẹ̀ dé òkèèrè. Kíláàsì bí èyí tí a ń kọ́ ni irú wọn ti ń jáde. Nítorí náà mo dá ọmọ náà lóhùn pé etí wa dá, ẹ̀rọ ni kò tí ì pọ̀, àwọn tí yóò sì kọ́ ọ lè wà lórí bẹ́ńṣì tí ó jókòó sí.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Ihò dúdú méjì wúwo tó oòrùn 36 àti 29. Èyí tí wọ́n dà wúwo tó 62. Oòrùn mélòó ni ó di ìgbì?

2. Èé ṣe tí ilé ìgbọ́ran kan ṣoṣo kò fi tó?

3. Sọ ọ̀nà kan tí aṣọ àti òkúta fi jọ òfuurufú, àti ọ̀nà kan tí wọn kò fi jọ ọ́.

4. Ìròyìn kan dé orí fóònù bàbá rẹ lóru pé ewu ń bọ̀ láti ojú ọ̀run. Ìbéèrè wo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ bi í, kí ẹ tó jí àwọn aládùúgbò?