Ìtumọ̀ "Amúlétutù" àti Ohun tí Onílé Yóò Bá Pàdé

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- àti àpólà ìṣe mú ilé tutù ni a fi ṣẹ̀dá amúlétutù. Àbájáde iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni ọ̀rọ̀ yìí sọ. Kò sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Onílé ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ̀n lè tipa bẹ́ẹ̀ rò pé atẹ́gùn tútù ni ẹ̀rọ náà ń fà wọlé láti ìta, kí ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, ooru yàrá ni ó ń kó jáde.

Fún ẹ̀rọ alápá-méjì, a lè lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

(a) Apá inú: èyí tí a ń gbé kọ́ ara ògiri nínú yàrá.

(b) Agbóoru (a + gbé + ooru): èròjà tí ń gba inú páìpù bàbà gbé ooru lọ síta.

(d) Apá ìta: ibi tí afúnpọ̀ (a + fún + pọ̀) wà, tí ooru ti ń tú jáde.

Ohun tí onílé yóò rí bá èyí mu. Oníṣẹ́ yóò lu ihò kan ṣoṣo lára ògiri fún páìpù àti wáyà. Rọ́bà omi gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ síta. Bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀, orí pèpéle kọnkéré nílẹ̀ ni kí apá ìta jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Oníṣẹ́ yóò sì fa atẹ́gùn inú páìpù tán kí ó tó tú agbóoru sí i.

Amúlétutù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò yẹ kí a pa á tì. Agbóoru ni kí olùkọ́ fi ṣàlàyé rẹ̀.